Owó ọdún márùn-ún kọ́ ni ti ibùdó mẹ́jọ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ìjọba Amẹ́ríkà kò ná bílíọ̀nù 7.5 dọ́là sórí ibùdó mẹ́jọ péré tí wọ́n ti ń ṣáàjì ọkọ̀ oníná, bí ẹ ṣe kọ ọ́. Iye tí òfin 2021 yà sọ́tọ̀ fún ọdún márùn-ún nìyẹn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ń jà ràn-ìn ní 2024, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Lóòótọ́, iṣẹ́ náà falẹ̀, ó sì dun èmi náà: Oṣù Kejìlá 2023 ni àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ní Ohio. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ìlànà ètò náà nígbà yẹn, ibùdó kan gbọ́dọ̀ lè fún ọkọ̀ mẹ́rin níná lẹ́ẹ̀kan náà, kìlówáàtì 150 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. 600 nìyẹn! Wáyà ilé lásán kò lè gbé e. Ó ń fẹ́ tiransifọ́mà tirẹ̀.