Dọ́là Kan Níwájú Orí Onígìtá

Bí ẹ bá rí fídíò ọkùnrin kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì ibi iṣẹ́ aláwọ̀ ọsàn, tó ń jó níwájú àwọn òyìnbó alákẹtẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ Baálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ránṣẹ́ sí mi mọ́. Mo ti rí i. Ìyàwó mi ti rí i. Pásítọ̀ wa náà ti rí i, ó ní ká ríra lẹ́yìn ìsìn. Èmi ni.

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́, torí àwọn ará ilé wa tí a jọ wà ní Antioch, ní Nashville ìpínlẹ̀ Tennessee níbí, ẹnu wọn kì í sinmi. Mo gbọ́ pé ẹnì kan ti ń sọ pé ọlọ́pàá mẹ́rin ló gbé mi. Irọ́ ni. Gìrìpá kan ṣoṣo ni, kì í sì í ṣe ọlọ́pàá.

Dádì Mọ́kọ́lá ló fà á. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n, ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni wọ́n wà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbọ́ pé Nashville ni mo sọ̀kalẹ̀ sí, wọn ò bi mí rí bóyá mo jẹun. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé ìlú Jim Reeves kọ́ nìyẹn?" Mo ní olórin kọ́ńtírì yẹn ti kú, Dádì, ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ já lẹ́bàá ibí ní oṣù keje ọdún 1964. Wọ́n ní àwọn mọ̀, ṣé ẹbí rẹ̀ ò wá sí níbẹ̀ mọ́ ni? Kí n lọ kí wọn kú ará fẹ́ra kù, kí n sọ pé àwọn ará Mọ́kọ́lá ló ní kí n wá. Ó lé lọ́gọ́ta ọdún o! Kí n lọ kanlẹ̀kùn onílẹ̀kùn ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọ̀ tí mo gbé sára yìí, kí n ní mo wá kí wọn kú òfò.

Ẹ̀yin náà kúkú mọ ohun tí ọkùnrin yẹn jẹ́ fún àwọn bàbá wa. Àárọ̀ Sunday, mọ́ínmọ́ín wà lórí sítóòfù, rédíò ń lọ. Jim Reeves á kọrin jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń bẹ ìyàwó rẹ̀, Don Williams á tẹ̀lé e, kò sì sí ọmọ tó láyà láti sọ pé kí wọ́n yí i sí ibòmíràn.

Ìwé ohun tí Dádì ń fẹ́ gùn ju ti ìdána lọ. Bàtà kábọ́ọ̀yì, nọ́ńbà 45. Bẹ́líìtì tí irin iwájú rẹ̀ tóbi tó àwo ọbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ èyí tó le jù: "Orin kọ́ńtírì tuntun, ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ ti àtijọ́. Àwọn tó ń pariwo ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kiri yẹn, mi ò fẹ́ wọn. Ẹni tó ń sunkún ni kó o wá fún mi."

Wọn ò parọ́ ṣá. Ó pẹ́ tí kọ́ńtírì orí rédíò ti di ìlù kọ̀ǹpútà àti ariwo ọtí. Àwọn ọ̀dọ́ kan ló wá ń dá a padà díẹ̀díẹ̀. Mo fi orin Zach Top ránṣẹ́ sí Dádì, ọmọ Sunnyside ní ìpínlẹ̀ Washington, tòun ti irunmú bí ti tíṣà ayé ọjọ́un. Àwo rẹ̀ tó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2024, gòjé wà níwájú, gìtá ń dáhùn, kò sì sí ohun tó bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Dádì fi ohùn ránṣẹ́ padà, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko.

"Àjàní, ọdún wo ni wọ́n bí ọmọ yìí?"

Mo ní 1997. Ẹnu wọn dákẹ́. Mo mọ̀ pé ìka ni wọ́n ń kà.

"Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí Jim Reeves kú. Ó ti yé mi. Òun ló padà wá. Babátúndé ni kí wọ́n máa pè é."

Mo ní ohùn wọn ò jọra, Dádì, ti àwọn olórin 1990 sí 1999 ló jọ. Wọ́n ní ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ àwọn bí ará ọ̀run ṣe ń yà ni. Mo fi Charley Crockett kún un, ọmọ San Benito ní Texas, tó ti fi gìtá wá owó jíjẹ lójú títì rí. Wọ́n gbọ́ orin kan péré, wọ́n ní, "Èyí ti rí ìyà. Fi kún un." Nígbà tí mo sọ fún wọn ní 2025 pé àwọn Grammy, àwọn tó ń fún olórin lẹ́bùn ní Amẹ́ríkà, ti pín ẹ̀bùn àwo kọ́ńtírì sí méjì, ti ìbílẹ̀ lọ́tọ̀, ti òde òní lọ́tọ̀, wọ́n ní ó tó bẹ́ẹ̀, àṣé àwọn òyìnbó náà mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ẹgbẹ́ àbúrò.

Ká má fọ̀rọ̀ gùn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fídíò. Wọ́n fẹ́ rí ẹni tó ń ta gìtá tó ń sunkún yẹn pẹ̀lú ojú ara wọn.

Gìtá náà ni wọ́n ń pè ní pedal steel. Bẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ rí i, ẹ máa rò pé tábìlì tí wọ́n fi ń lọ aṣọ ni. Ó ní okùn mẹ́wàá, àgbàlagbà á jókòó tì í bíi mẹkáníìkì. Ọwọ́ òsì di irin róbótó kan mú, ó ń fi í yọ̀ lórí okùn. Ọwọ́ ọ̀tún ń ta. Ẹsẹ̀ ń tẹ irin nísàlẹ̀. Orúnkún ń ti irin mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá ti tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ báyìí, ohùn tó ti ń dún tẹ́lẹ̀ á gbéra, á gòkè, á máa yí bí ẹni tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ sọ fún mi, ta ló tún ń fún ohùn báyẹn nílé wa? Onígàngan tó ń fi abíyá fún ọsán ni! Abájọ tí King Sunny Adé fi gbé e wọ inú jùjú, tí Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù ń ta á lẹ́yìn rẹ̀, tí ayé fi gbọ́ ọ nínú àwo 1982. Ẹni tó bá ti jó o ní Ìbàdàn, kò ṣe é gbọ́ ní Tennessee kó jókòó jẹ́ẹ́.

Ọjọ́bọ̀ ni. Mo ti ibi iṣẹ́ bọ́ sí òpópónà Broadway, níbi tí wọ́n ti ń kọrin láti àárọ̀ títí di òru. Páàkì mọ́tò nìkan, ọgbọ̀n dọ́là. Mo wọ ilé ọtí kan, mo ra Coke, mo gbé fóònù sókè. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni mo fẹ́ lò.

Ọmọkùnrin kan tí kò tíì tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n bọ́ síwájú, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ orin kan lọ́sẹ̀ náà. Orin tó ń lọ ní ẹsẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, jẹ́jẹ́. Ọkọ̀ bàbá òun ló ń sọ, pé ó wà ní àgbàlá, pé koríko ti hù yí táyà rẹ̀ ká, pé ẹnikẹ́ni ò tíì ṣíná rẹ̀. Bó ṣe dákẹ́, bàbá onígìtá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀.

Mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí, orúkọ mi ni irin yẹn pè. Ó ní "À-jà-ní". Ó kì mí dé ilé bàbá mi. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dárúkọ màlúù tí bàbá bàbá mi pa lọ́dún tó ra rédíò. Kí n tó mọ̀, mo ti wà lórí pèpéle. Fóònù mi ti wà lọ́wọ́ obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí, ìyẹn ló ń ká mi. Mo jó. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìpàtẹ́wọ́ yẹn gan-an ló bà mí jẹ́.

Mo fa dọ́là kan yọ. Ṣùgbọ́n àkẹtẹ̀ bo iwájú orí bàbá náà. Kí ni kí n ṣe? Mo ṣí àkẹtẹ̀ lórí wọn. Mo gbé e fún onígòjé kó bá mi dì í mú. Nígbà tó yá ni wọ́n tó sọ fún mi pé ó sàn kéèyàn fọwọ́ kan ìyàwó irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ju kó fọwọ́ kan àkẹtẹ̀ wọn lọ. Mo lẹ owó náà mọ́ wọn níwájú orí, pọ́! Òógùn wà níbẹ̀ dáadáa, ó lẹ̀. Ojú George Washington wá wà lókè ojú bàbá. Àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bọ̀ nísàlẹ̀, tó bo ojú kan. Bàbá ò ríran mọ́, ẹsẹ̀ ṣìnà, orúnkún ṣìnà, irin já bọ́ lọ́wọ́, gìtá sì ké bí ewúrẹ́ tí mọ́tò tẹ̀ nírù. Onílù dá ìlù dúró. Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́.

Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni. Mo lẹ ìkejì.

Gìrìpá náà ní ọrùn bí odó. "Sir," ló wí. Ẹ̀yin èèyàn mi, bí òyìnbó bá pè yín ní "sir" lóhùn bẹ́ẹ̀, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yín. Ó na ìka sí korobá kan tó wà níwájú pèpéle, pé ibẹ̀ ni wọ́n ń sọ owó sí. Mo ní lọ́dọ̀ wa a kì í ju owó onílù sínú korobá, ṣé omi la wá pọn ni? Ó dì mí ní ìgúnpá mú. Níta, arìnrìn-àjò kan bi mí bóyá mo tún máa ṣeré ní aago mẹ́jọ.

Inú mọ́tò ni mo jókòó sí fún ìgbà díẹ̀. Ọdún kejì rèé tí bàbá mi ti kú. Ìwé ìgbélùú mi wà lọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, mi ò lè lọ. Inú ilé ìtọ̀ ibi iṣẹ́ ni mo ti wo ìsìnkú lórí fóònù. Jim Reeves ni wọ́n fi gbé e sọ̀kalẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì dá dúró síbi tí Dádì Mọ́kọ́lá ti bu yẹ̀pẹ̀ sọ́wọ́, ọwọ́ wọn wà lókè bẹ́ẹ̀, kò já bọ́. Màlúù méjì, àtíbàbà, àwọn onílù, èmi ni mo san gbogbo rẹ̀. Ẹnì kan ò lẹ náírà kan mọ́ onílù lórúkọ mi. Ọjọ́ kejì, Dádì pè. Mo rò pé wọ́n fẹ́ bá mi dárò ni. Wọ́n ní owó ọtí kù.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ọgbọ̀n dọ́là páàkì ló ń pa mí lẹ́kún.

Fídíò dé Ìbàdàn kí n tó dé Antioch. Aago méjì òru lọ́dọ̀ wọn ni fóònù mi dún.

"Àjàní. Mo rí ọ."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà."

"Dọ́là kan?"

"Sà?"

"Dọ́là kan lo lẹ̀ mọ́ àgbàlagbà níwájú orí? Ní gbangba? Ṣé kí wọ́n lè sọ pé ìdílé wa ò ní ni?"

Mo ní méjì ni, Dádì, fídíò ló gé ìkejì kúrò. Wọ́n pòṣé títí owó fóònù wọn fi tán, wọ́n sì fi "pè mí" ránṣẹ́.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, mo padà lọ. Mo ti ra àkẹtẹ̀ tèmi, mo fà á wá sójú. Gìrìpá ẹnu ọ̀nà wò mí, ó mí kanlẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Bàbá onígìtá gbójú sókè, wọ́n rí mi, wọ́n sì yára fi ọwọ́ kan di fìlà wọn mú. Mo ju dọ́là márùn-ún sínú korobá tìtẹríba tìtẹríba. Mo pe Dádì, mo kọjú fóònù sí pèpéle. Ọmọkùnrin yẹn tún gbé orin ọkọ̀ bàbá rẹ̀, irin tún bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Fún odindi orin yẹn, Dádì Mọ́kọ́lá ò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi. Mo wo ojú fóònù, mo rí i pé wọ́n ti bọ́ awò ojú wọn.

Bí orin ṣe parí, wọ́n wú ikọ́.

"Àjàní."

"Sà."

"Sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i. Mi ò rí iwájú orí rẹ̀."