El Anatsui ò kàn ṣàdédé ṣa ìdérí ìgò di olókìkí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ ní ọmọ Nàìjíríà ni El Anatsui, oníṣẹ́ ọnà yẹn, pé ó kàn ṣàdédé ṣa ìdérí ìgò di olókìkí ni, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá o. Ọmọ Gánà ni, Anyako ni wọ́n bí i sí ní 1944, ọdún 1975 ló wá ń ṣe tíṣà ní yunifásítì Nsukka, ó sì pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Ó ti gbẹ́ igi, ó ti mọ amọ̀, kó tó wá kan ìdérí ọtí tí wọ́n ń fi wáyà so pọ̀ bí aṣọ, ẹ lọ wo àwọn tó ń fín igbá l'Ọ̀yọ́ níbí kẹ́ ẹ rí bí irú iṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń gba sùúrù. 2015 ni wọ́n fún un ní Golden Lion, àmì ẹ̀yẹ ńlá fún àwọn oníṣẹ́ ọnà, ní Venice ní Ítálì, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà yẹn!