Ìṣísẹ̀ 10,000 lójúmọ́: níbo ni nọ́ńbà yẹn ti wá?

Ìgbàgbọ́ kan ti gbilẹ̀ láàárín àwa ará Abẹ́òkúta pé ẹni tí kò bá rin ìṣísẹ̀ 10,000 lójúmọ́ kò tíì ṣe nǹkan kan fún ìlera rẹ̀. Ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń sáré ní Kútọ̀ láàárọ̀ Sátidé, ẹ ó kà á lórí WhatsApp ìjọ, fóònù náà á sì tún máa rán yín létí pé ó ku díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló rò pé àwọn dókítà ló yẹ ọkàn àti iṣan èèyàn wò kí wọ́n tó fẹnu kò sí iye yẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Láti Japan ló ti wá. Wọ́n ṣe Òlíḿpíìkì ní Tokyo ní 1964, ìfẹ́ eré ìdárayá sì gba gbogbo ìlú. Nígbà tó di 1965, ilé iṣẹ́ Yamasa tó ń ṣe aago gbé ẹ̀rọ kékeré kan jáde tí èèyàn lè so mọ́ ìbàdí kó máa ka ìṣísẹ̀. Manpo-kei lorúkọ rẹ̀, 10,000 ni wọ́n sì fi polówó rẹ̀, nọ́ńbà tó rọrùn láti rántí. Ọjà ni wọ́n ń tà. Mi ò bá wọn jà, torí ẹ̀rọ náà mú ọ̀pọ̀ èèyàn dìde lórí àga. Ohun tí mo ń bá jà ni pé a ti sọ ìpolówó ọjà di òṣùwọ̀n tí a fi ń dá ara wa lẹ́bi.

Nígbà tí àwọn olùwádìí wá yẹ̀ ẹ́ wò ńkọ́? Ní 2019, Dókítà I-Min Lee àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí àwọn obìnrin 16,741 ní Amẹ́ríkà, tí ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn tó bí ọdún 72. Láàárín àwọn tó ń rin bí 4,400 lójúmọ́, ikú fi ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tó ń rin bí 2,700. Ewu ń dín kù bí ìrìn ṣe ń pọ̀ sí i, títí dé nǹkan bí 7,500; lẹ́yìn ìyẹn, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ mọ́. Lóòótọ́, irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò lè fi hàn pé ìrìn nìkan ló ṣe é, torí ẹni tára rẹ̀ le ló sábà ń rìn púpọ̀. Ní 2022, àwọn olùwádìí kó àbájáde ìwádìí 15 pọ̀: fún ẹni tó ti pé 60 ọdún, àǹfààní náà kì í fi bẹ́ẹ̀ lé sí i mọ́ tó bá ti dé 6,000 sí 8,000; fún ẹni tí kò tíì tó bẹ́ẹ̀, 8,000 sí 10,000. Ọjọ́ orí nìkan ti yí iye náà padà, a ò tíì sọ̀rọ̀ kan iṣẹ́, àìsàn àti ilẹ̀ tí à ń tẹ̀.

Ilẹ̀ tiwa yìí kì í sì í ṣe pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ru ẹrù gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀gbẹ́ Olúmọ ti ṣiṣẹ́ ju ẹni tó rin iye ìṣísẹ̀ kan náà lórí títì tó tẹ́jú. Ìyá tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú wà lórí ìdúró láti àárọ̀, fóònù rẹ̀ sì wà nínú báàgì. Oorun tó tó lè jẹ́ ohun tí ara rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún. Akọ̀wé ọ́fíìsì ìjọba ní Òkè-Mósàn tí ọ̀kadà ń gbé dé ẹnu ọ̀nà ló yẹ kó máa wá ìrìn kiri.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí dùn mí jù nítorí wọn ni àwọn òbí wa tó ti fẹ̀yìn tì, tí orúnkún ń yọ lẹ́nu. Ọmọ á ra aago tó ń ka ìṣísẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n á lé 10,000, orúnkún á wú. Nígbà tí wọ́n bá rí i pé 3,000 lagbára àwọn mọ, wọ́n á bọ́ aago sílẹ̀, wọn ò ní rìn mọ́. Bẹ́ẹ̀ 3,000 yẹn ló yẹ ká kí wọn kú iṣẹ́ fún! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nọ́ńbà ẹlòmíì lé wọn padà sórí àga.

Kí èèyàn kọ́kọ́ ka ohun tó ń rìn báyìí fún ọ̀sẹ̀ kan, kó má fi kún un, lẹ́yìn náà kó wá máa fi díẹ̀díẹ̀ lé e. Ẹni tí kò fẹ́ ka ìṣísẹ̀, kó ka ìṣẹ́jú. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní 2020 fún àgbàlagbà ni ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ tó ń mú iṣan le ní ó kéré tán ọjọ́ méjì. Ìrìn tó tó ni èyí tí ẹ fi lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ ò lè fi kọrin. Kí ẹ máa dìde lórí àga láìfọwọ́ ti nǹkan kan náà wà lára iṣẹ́ iṣan.

Àfojúsùn yín sì lè má jẹ mọ́ ìrìn rárá. Fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra, ó lè jẹ́ pé kó má pa oògùn jẹ, kó sì dín iyọ̀ àti magí kù. WHO ní kí iyọ̀ àgbà má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, ìyẹn bíi ṣíbí ìmutíì kan, iyọ̀ inú magí sì wà níbẹ̀. Ẹlòmíì fẹ́ bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ gun Olúmọ. Inú mi dùn sí irú àfojúsùn bẹ́ẹ̀, torí ó mọ ohun tó ń wá.

Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà, kó fi ètò rẹ̀ han dókítà tàbí nọ́ọ̀sì kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí àyà bá ń fún yín tàbí òòyì ń kọ́ yín lójú ọ̀nà, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an, iyekíye tí fóònù ì báà kà.