Ẹ Bá Mi Kí Oníìgbín Méjì

Mo júbà ẹ̀yin ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà. Mo tètè júbà ni, kí ẹ má baà pè mí ní aláìmọ̀kan kí n tó dé ìdí ọ̀rọ̀.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo lọ jẹ àmàlà ní Sábó, ní Yaba, níbi tí mo ti ń jẹun láti ìgbà tí irun orí mi ṣì pé. Ọmọkùnrin kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé láptọ́ọ̀pù kalẹ̀ bí ẹni pé ewédú kì í ta sára nǹkan. Sítíkà bo ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù náà débi pé n ò lè sọ àwọ̀ rẹ̀ fún yín. Àwòrán erin ló wà lára ọ̀kan. Ẹ ti mọ ọmọ náà. Ẹ ti jókòó tì í rí.

Ìyá alámàlà kàn ní kí oníbàárà kan fi rìsíìtì tiránsífà ránṣẹ́ sí òun lórí WhatsApp ni. Ọmọ yìí gbójú sókè, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ tí wọ́n fi ń túfọ̀ sọ pé, "Ẹ má bínú, mà. Ṣé orí WhatsApp lẹ ṣì wà ni?"

Ṣì! Ẹ bá mi gbọ́ "ṣì" yẹn. Bí ìgbà tí wọ́n ń bi àgbàlagbà léèrè bóyá omi kànga ló ṣì ń mu.

Ó ní àwọn Meta tó ni WhatsApp ń ṣọ́ wa bí ológbò ṣe ń ṣọ́ ihò eku. Ó ní orí Mastodon, ìkànnì kan tó dà bíi Twitter, tí erin jẹ́ àmì rẹ̀, lòun wà ní tòun: Eugen Rochko ló gbé e jáde láti Jámánì ní 2016, kò sí ọ̀gá kan tó ni gbogbo rẹ̀, kò sí ìpolówó, oníkálukú á yan sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń gbé ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn) tó bá wù ú. Ìyá gbọ́ ọ dópin, ó wá ní, "Báwo ni mo ṣe fẹ́ rí ẹ níbẹ̀, ọmọ mi?" Ọmọ fa tíṣù ya, ó kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sí i. @ wà níwájú orúkọ rẹ̀, @ mìíràn tún wà lẹ́yìn orúkọ, kó tó wá kan orúkọ sáfà.

Ìyá gbé tíṣù náà sún mọ́ iná. "Ìgbín nìyí."

"Rárá, mà, àmì tí wọ́n ń—"

"Ìgbín ni. Méjì ni. Ẹran mélòó ni kí n fi sí i fún ẹ?"

"Méjì, mà."

"Bíi ti ìgbín ẹ." Gbogbo ilé oúnjẹ bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n dúró nídìí ìgbín yìí díẹ̀, mo bẹ̀ yín. Láti 1971 tí Ray Tomlinson ti fi àmì yẹn sínú àdírẹ́sì ímeèlì, ìgbín kan péré ló ń ru gbogbo ayé. Ìgbín kan to báǹkì, ó to ìjọba àpapọ̀, ó to Póòpù ní Róòmù. Ọmọ tó háyà yàrá kan ní Àkọ̀kà ni kò tó. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: bí ogún èèyàn bá wà ní ọ́fíìsì wọn, ogójì ìgbín nìyẹn. Bí méjì nínú wọn bá fẹ́ra, mẹ́rin wọlé. Bí wọ́n bá sọmọ lórúkọ, ó di mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tíì lọ ata. Àwọn tó ń fi ìgbín bọ Ọbàtálá gan-an kì í kó o jọ tó báyìí.

Èyí tó tún dùn jù ni pé onílé ni ìgbín kejì yẹn. Sáfà tí o forúkọ sí ló ń tọ́ka sí. Bó bá wá rẹ ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ bójú tó sáfà náà, tó tì í pa, kó ẹrù rẹ nìyẹn. Bí o bá tètè kó, àwọn tó ń tẹ̀ lé ọ lè bá ọ dé ilé tuntun, àmọ́ gbogbo ohun tí o ti kọ yóò ṣẹ́kù sílé àtijọ́. Àwọn bàbá wa ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Ìgbín Jámánì yìí fà, ìkarahun lóun ò lọ.

Ṣé ẹ wá mọ ohun tó wà nínú ìkarahun ìyá alámàlà? Alhaja tó ń kó èlùbọ́ fún un láti Ṣakí wà níbẹ̀ (ìlú ni mo wí o, kì í ṣe èyí tó wà nínú ọbẹ̀). Alátà Mile 12 tó máa ń fi ohùn ránṣẹ́ ní ìdájí pé tàtàṣé ti wọ́n, ó wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ alájọ wà níbẹ̀. Lándíọ̀dù tó máa ń fi àwòrán òdòdó kí i kú ọjọ́ Jímọ̀, kó tó béèrè owó ilé lábẹ́ òdòdó, òun náà wà níbẹ̀. Ọmọ wa ní kí gbogbo wọn dìde, kí wọ́n lọ yan sáfà. Oṣù January 2025 ni NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ilé-iṣẹ́ fóònù, fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó tí wọ́n ń gbà. Dátà WhatsApp nìkan, ti ọ̀sẹ̀ kan, ni ìyá ń rà báyìí. Èmi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń ta dátà Mastodon.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kàn mí rí, ẹ ò bá wò ó. Ní January 2021, nígbà tí WhatsApp gbé òfin tuntun jáde lórí ohun tí yóò máa bá Facebook pín, tí Elon Musk sì ní kí aráyé lo Signal, áàpù mìíràn tí wọ́n fi ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi já fóònù gbà lọ́wọ́ mi. "Àńkù, ẹ jẹ́ kí n gbà yín là." Ó yọ WhatsApp dànù, ó fi Signal síbẹ̀. Oṣù méjì gbáko, èèyàn mẹ́ta la wà níbẹ̀: èmi, òun, àti mẹkáníìkì mi tí kò mọ bí òun ṣe débẹ̀. Mo wá lọ síbi òkú ìyá ọ̀rẹ́ mi ní Ṣómólú. Gbogbo ẹgbẹ́ wa wọ léèsì aláwọ̀ òfeefèé, èmi nìkan ni mo wọ àǹkárá pupa. Wọ́n ti kéde aṣọ ẹbí lórí gúrúùpù! Ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi mí jókòó sí, bí ẹni tó yà wá mu ọtí ọ̀fẹ́. Abọ́ oníke tí wọ́n ń há pàápàá kò kàn mí. Mo bá ọmọ yẹn wí, ó ní, "Àńkù, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè ka ọ̀rọ̀ yín." Bẹ́ẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ ná, ká tó máa sọ ẹni tó fẹ́ kà á.

Bẹ́ẹ̀, kọ́kọ́rọ́ Signal yẹn gan-an ni WhatsApp ti fi ń ti ọ̀rọ̀ wa mọ́lé láti 2016. Brian Acton, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá WhatsApp sílẹ̀ ní 2009, ló sì gbé mílíọ̀nù 50 dọ́là kalẹ̀ fún àjọ Signal ní 2018. Níbo ló ti rówó? Bílíọ̀nù 19 dọ́là ni Facebook kéde pé òun yóò fi ra WhatsApp ní 2014. Orí àwa tí ẹ ń pè ní aláìmọ̀kan lowó náà ti jáde.

Mi ò ní Meta ṣeun o. Ní July 2024, FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà nílẹ̀ wa, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé e nítorí bó ṣe ń lo ohun tó mọ̀ nípa wa. Òótọ́ lọmọ yẹn ń sọ, ohun tó tún ń bí mi nínú nìyẹn. Àmọ́ ọ̀dọ̀ Meta ni FCCPC gbà lọ. Kò dúró nídìí ìkòkò gbẹ̀gìrì kó máa bá ẹni tó ń sè é wí.

Ta ló tiẹ̀ ń báni wí gan-an? Ẹ̀yin kan náà tí ẹ fi PIN BBM, ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ orí BlackBerry, yọ wá lẹ́nu! Ẹni tó bá ní Nokia lòun ń lò, ẹ óò máa wò ó bí ẹni tó gbé fìtílà wọ Èkó. 31 May 2019 ni wọ́n ti BBM yín pa. Ẹ gbé Google+ wá, òun náà ti kú lóṣù tó ṣáájú. Ẹ lọ sí Clubhouse, áàpù ìfọ̀rọ̀wérọ̀ olóhùn, ẹni tí kò bá ní iPhone kò gbọdọ̀ wọlé nígbà náà, bí òde àwọn ọmọ olówó ní Ìkòyí. Ìjọba àpapọ̀ pàápàá kó àrùn yín: nígbà tó ti Twitter pa ní June 2021, Koo àwọn ará Íńdíà ló sá lọ. Koo kógbá wọlé ní 2024. Èwo lẹ sin nínú gbogbo òkú wọ̀nyí? Ẹ kàn ń fò wọ́n kọjá ni.

Nígbà tiwa, bí mo bá fẹ́ bá màámi sọ̀rọ̀ ní Ìbàdàn, màá tò ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ní Ojúẹlẹ́gba, ojú ẹni tó ń gbowó á wà lára aago. Òjò ẹyọ kan ṣú, wáyà á kú. Kò sí ọmọ kékeré kan tó bi mí léèrè pé ta ló ni wáyà. Ohùn màámi ni mo wá gbọ́.

Lánàá mo padà sí Sábó. Ọmọ náà wà níbẹ̀, láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ labalábá búlúù kan ti bà lé erin lórí. Ó ní òun ti kó kúrò, Bluesky lòun wà báyìí. Mo ní kó bá mi kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sórí tíṣù. Ìgbín kan.

Mo pe ìyá alámàlà sún mọ́ mi, mo bi í jẹ́jẹ́ pé ta ló jẹ ìkejì.

"Èmi kọ́ o," ló wí. "Ṣàkì àti pọ̀nmọ́ nìkan ni mò ń tà."