Ilé ẹ̀kọ́ tuntun ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: ká kọ́ ọ, àbí ká tún ti àtijọ́ ṣe?

Ọmọ Ògijó: Ẹ̀yin ará ilé, bí owó ilé ẹ̀kọ́ bá wọ ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀, ṣé tuntun ló yẹ kó kọ́, àbí kó tún èyí tó wà nílẹ̀ ṣe? Ní tèmi, kó kọ́ tuntun. Àwọn tó sá fún owó ilé l'Ékòó ti kún Ògijó àti Ṣímáwà bámúbámú. Wọ́n kó ọmọ wá, wọn ò gbé kíláàsì wá. Ládùúgbò wa, ọmọ mẹ́rin ló ń fún ara wọn lórí bẹ́ńṣì ọlọ́mọ méjì. Ẹni tó bá pẹ́ dé, ojú wíńdò ni tirẹ̀.

Káfíńtà Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ rọra o. Mo ti kan òrùlé ilé ẹ̀kọ́ rí, mo mọ ohun tó wà lókè níbẹ̀. Ẹ lọ wo ilé tí wọ́n kọ́ láyé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀. Páànù ti dípẹtà, ṣùgbọ́n ẹ kan ìṣó mọ́ igi abẹ́ rẹ̀, ìṣó á tẹ̀. Igi tútù ni agbaṣẹ́ṣe òde òní ń rà, torí kò wọ́n. Tó bá wá ń gbẹ lórí ilé, á lọ́, ìṣó á máa yọ díẹ̀díẹ̀. Ìjì àkọ́rọ̀ òjò kan péré, òrùlé ti bá ara rẹ̀ nínú oko ẹ̀gẹ́. Ẹ tún ti àtijọ́ ṣe.

Ọmọ Ìpéru: Ṣé ẹ ti gbàgbé àwọn model school ìjọba Amosun, gómìnà Ògùn nígbà kan, ni? Ilé ràgàjì-ràgàjì! Ó lọ ní 2019, àwọn kan ò tíì parí. Ẹni tó bá ní ká kọ́ tuntun, kó kọ́kọ́ dáhùn ìyẹn.

Ìyá Ìbejì Ìkẹ́nnẹ́: Káfíńtà, ọmọ ìlú wa lẹ dárúkọ, torí náà ẹ jẹ́ n dá sí i. Ọjọ́ 17 oṣù Kíní 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọmọ tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn ìgbà náà sì lé ní 800,000 lọ́dún yẹn. Wọ́n ti fi owó orí kún owó orí nítorí rẹ̀, Action Group, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, sì fìdí rẹmi nínú ìbò àpapọ̀ 1954. Síbẹ̀ wọ́n kọ́ ọ. Ká ní wọ́n dúró de igi gbígbẹ ni, ṣé ìyá mi ì bá mọ ABD?

Tíṣà Àná: Ìyá Ìbejì, ẹ sọ ọ́ tán. Ọ̀pọ̀ tíṣà ìgbà náà ni wọn ò kọ́ níṣẹ́. Ilé kì í kọ́ ọmọ.

Ẹ sì wo ibi tí owó náà ti ń wá. Òfin UBE (ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ) ti 2004 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ìdá 2 nínú 100 owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gba ìpín tirẹ̀ láti kọ́lé gbọ́dọ̀ kó iye kan náà sílẹ̀; bí kò bá rí i kó sílẹ̀, Àbújá ni ìpín rẹ̀ máa wà. Kíláàsì wà níbẹ̀, ìwé wà níbẹ̀, owó oṣù tíṣà ò sí níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ràn síméńtì. Ọjọ́ kan ni wọ́n ń ṣí ilé, oṣooṣù ni tíṣà ń gbowó, tó bá sì fẹ̀yìn tì, á tún ní ká fún òun ní owó ìfẹ̀yìntì. (Ẹ má bi mí léèrè tèmi.)

Ọmọ Ìpéru: Owó aṣọ àti ẹṣin Ojúde Ọba ńkọ́? Kíláàsì mélòó ló wà níbẹ̀?

Káfíńtà Ìjẹ̀bú-Òde: Àpò ara wa la ti ń ná ìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Owó ìjọba là ń sọ.

Ọmọ Ògijó: Gẹ́lẹ́! Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School ti wà láti 1913. Bí òrùlé wọn bá ṣí, wọ́n ní ọmọ àtijọ́ tí wọ́n lè ké sí. Ta làwa fẹ́ ké sí? Àwọn ọmọ àtijọ́ tiwa ṣì wà ní praímárì.

Káfíńtà Ìjẹ̀bú-Òde: Ó dáa, ẹ gbà, kí wọ́n kọ́ tiyín. Ṣùgbọ́n kí PTA yín, ẹgbẹ́ òbí àti tíṣà, rí igi náà kó tó gun òkè, kí wọ́n sì kọ irú igi àti irú páànù sára pátákó tí wọ́n ń rì síwájú ilé.

Ọmọ Ògijó: Pátákó tibí? Fọ́tò olóṣèlú ti gba gbogbo ẹ̀ tán.