Má fi bírékà 45A rọ́pò 20A nítorí kúkà oníná

Ìmọ̀ràn kan ń lọ káàkiri pé bí bírékà 20A (A ni áńpù, ìwọ̀n iná tó ń gba inú wáyà) bá ń já, ìyẹn ni pé ó ń gé iná fúnra rẹ̀, lórí kúkà oníná, kí èèyàn kàn fi 45A rọ́pò rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Lóòótọ́ kò ní já mọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Wáyà inú ògiri ni bírékà ń ṣọ́, kì í ṣe kúkà. Bí wáyà bá jẹ́ 2.5mm (mm yìí ni bí bàbà inú rẹ̀ ṣe tóbi tó), tí kúkà ń fa 31A, wáyà á gbóná, rọ́bà ara rẹ̀ á máa rọ̀, á máa dúdú. Bírékà 45A ò ní mọ nǹkan kan.

Ẹ wo ẹ̀yìn kúkà, wọ́n kọ wáàtì rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ fi 230, ìyẹn fóltì iná ilé, pín in. 7,200 wáàtì yóò fún yín ní 31A àti díẹ̀. Wáyà bàbà 6mm àti bírékà 32A ló bá a mu, kí ó dá ní láìnì tirẹ̀ láti inú àpótí bírékà, kì í ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì 13A. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ lo 10mm.

Iye mm wà lára rọ́bà wáyà. Ẹ tún fi ọ̀bẹ ha imú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó: bí inú bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni. Kò lè gbé ohun tí ojúlówó bàbà ń gbé.

Bí 32A bá ṣì ń já lójú ẹsẹ̀ tí ẹ tan ojú iná kan lórí kúkà, ó ṣeé ṣe kí ojú iná yẹn ti bàjẹ́. Bó bá pẹ́ kó tó já, ẹ pa iná pátápátá, kí oníṣẹ́ iná yẹ skúrù bírékà wò bóyá ó ti tú.