Ìdí-Ìrókò: Ìwé Nìkan Kọ́ Ni Wọ́n Fi Ń Ṣí Ibodè

Wọ́n ti ní kí ibodè Ìdí-Ìrókò, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí a ti bá orílẹ̀-èdè Benin pààlà, ṣí. Ìwé tó jáde láti Àbújá ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 2022 dárúkọ rẹ̀ mọ́ ibodè mẹ́ta mìíràn: Jibiya, Kamba àti Ikom. Láti ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 2019 ló ti wà ní títì, ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ gbáko. Nígbà tí wọ́n ṣí Sẹ̀mẹ̀ àti mẹ́ta mìíràn lóṣù kejìlá ọdún 2020, ohun tí Mínísítà fún ètò ìnáwó sọ fún gbogbo ayé ni pé ìyókù yóò ṣí kí ọdún náà tó parí. Ọdún náà parí. Òmíràn wọlé, òun náà parí. A kò tíì gbọ́ kí ẹnì kan nínú ìjọba tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ará Ìpókíá, agbègbè tí Ìdí-Ìrókò wà.

A dúpẹ́ pé àṣẹ náà dé. Ṣùgbọ́n a kò ní bá wọn pàtẹ́wọ́, nítorí a mọ ohun tí títì náà ṣe, a sì mọ ohun tó kù lójú ọ̀nà.

Ìjọba ní ẹrù ni àwọn dá dúró, àwọn kò dá èèyàn dúró. Ta ló ń kọjá ní Ìdí-Ìrókò láìgbé ẹrù? Obìnrin tó ru apẹ̀rẹ̀ tòmátò, ẹrù ló rù. Bàbá tí oko rẹ̀ wà lápá Ìgólò ní Benin, tó sì ń gbé àgbàdo bọ̀ wálé, ẹrù ló gbé. Kò pẹ́ tí àrùn kòrónà fi dé lọ́dún 2020 tí wọ́n fi ti ibodè mọ́ èèyàn pẹ̀lú. Ṣáájú ìyẹn, lóṣù kọkànlá ọdún 2019, wọ́n ti pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé epo lọ sí ilé epo kankan tó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí ẹnubodè. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó kọ ìwé yẹn ní ọ́fíìsì rẹ̀ ro ohun tó túmọ̀ sí fún ìlú tí kò rí iná mànàmáná lò dáadáa tẹ́lẹ̀. Ìjọ tó fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀ fún ìsìn ọjọ́ Àìkú ní láti rán ọmọ ìjọ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lọ sí ọ̀nà jíjìn. Bí onítọ̀hún bá ń gbé lítà mẹ́wàá bọ̀ lórí ọ̀kadà, aṣọ́bodè á dá a dúró, á ní fàyàwọ́ ni. Ó di kó fún wọn ní nǹkan kó tó lọ.

Àwọn onígbàgbọ́ kan ti kọ̀wé sí ìwé ìròyìn wa yìí pé ibi tí Bíbélì bá dé ni kí a dé, pé Ọlọ́run ló pààlà fún àwọn orílẹ̀-èdè. Òtítọ́ ni. Ó wà nínú Ìṣe Àpọ́sítélì orí 17. Ẹlòmíràn a tún mú Nehemáyà wá, pé ó mọ odi, ó sì ti ẹnubodè mọ́ àwọn oníṣòwò. Ẹ ka orí 13 náà tán. Ọjọ́ ìsinmi ni Nehemáyà ti ìlẹ̀kùn fún, ó sì ní kí wọ́n má ṣí i títí ọjọ́ náà yóò fi kọjá. Kò tì í fún ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ.

Ibi tí a fẹ́ kí àwọn ará wa fara balẹ̀ kà ni Númérì orí 20. Mósè ránṣẹ́ láti Kádéṣì sí ọba Édómù, ilẹ̀ àwọn ọmọ Ísọ̀, ó pe Ísírẹ́lì ní arákùnrin rẹ̀. Kò bèèrè ilẹ̀. Ó ní ojú ọ̀nà ọba ni àwọn yóò gbà, àwọn kò ní wọ inú oko ẹnikẹ́ni, bí àwọn tàbí ẹran ọ̀sìn àwọn bá sì mu omi, àwọn yóò san owó rẹ̀. Édómù kọ̀, ó sì kó ọmọ ogun jáde sí i. Nínú Diutarónómì orí kejì, nígbà tí ọ̀rọ̀ tún kan ilẹ̀ àwọn ọmọ Ísọ̀ yìí kan náà, Ọlọ́run kìlọ̀ fún Ísírẹ́lì pé òun kò ní fún wọn níbẹ̀, bó ṣe ìwọ̀n àtẹ́lẹsẹ̀ kan; kí wọ́n fi owó ra oúnjẹ, kí wọ́n fi owó ra omi. Ibẹ̀ ni a dúró sí. Onílẹ̀ ló ni ilẹ̀, ààlà rẹ̀ sì yẹ lọ́wọ̀. Ṣùgbọ́n arákùnrin tó fẹ́ gba ojú ọ̀nà kọjá, tó sì fẹ́ san ohun tó tọ́, kì í ṣe ọ̀tá, ẹni tó bá yọ idà sí i ti ṣe ohun tí kò dára.

Arákùnrin náà ni àwọn ará Benin sì jẹ́ ní ti wa. Ìwé àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí lọ́dún 1889 ló fi Kétu sí apá Faransé, tí í ṣe Benin lónìí, tó fi Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ara ilẹ̀ Kétu sí apá Gẹ̀ẹ́sì, tí í ṣe Nàìjíríà lónìí. Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin, ni Oshoffa ti dá Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ lọ́dún 1947, àwọn apẹja ló sì gbé e wọ Mákòkó l'Ékòó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Bí aṣọ́bodè bá dá àwọn apẹja yẹn padà nígbà náà ńkọ́? Ìmẹ̀kọ ni wọ́n sin Oshoffa sí lọ́dún 1985, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ láti ìhà méjèèjì ń lọ lọ́dọọdún fún Kérésìmesì. Bí ẹ bá tún fẹ́ lọ sẹ́yìn, ta ni Àjàyí Crowther? Ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n kó lẹ́rú, tó rí ibi forí pamọ́ sí ní Freetown, tó tún gba Àgbádárìgì wọlé padà lọ́dún 1845. Àwọn tó kọjá ààlà ló gbé ìhìn rere dé ọ̀dọ̀ wa. Ìjọ tí kò bá lè gba ẹjọ́ wọn rò ti gbàgbé ìyá tó bí i.

Àwa náà sì ti ṣe àlejò rí. Lọ́dún 1969 tí ìjọba Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n jáde, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ wà lára àwọn tó kó ẹrù wálé, wọ́n sì fi àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ sẹ́yìn. Nígbà tó di 1983, àwa ni a lé àwọn ará Gánà. Léfítíkù orí 19 ní kí a fẹ́ràn àlejò bí ara wa nítorí a ti ṣe àlejò rí. A ti mọ bó ṣe ń dunni, a sì tún ṣe é fún ẹlòmíràn.

Wọ́n á ní nítorí ààbò ni. Ọ̀rọ̀ ààbò kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, a kò sì fẹ́ kí ìbọn gba ibodè kankan wọlé. Ṣùgbọ́n Ìdí-Ìrókò ṣì wà ní títì ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2022, nígbà tí àwọn agbébọn dá ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kàdúná dúró, tí wọ́n pa èèyàn, tí wọ́n sì jí ọ̀pọ̀ gbé lọ. Àwọn agbébọn kò gba ọ̀dọ̀ obìnrin aláta Ìpókíá kọjá. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́! Ní ti ìrẹsì òkèèrè tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fi títì náà dá dúró, ẹ wọ ọjà kẹ́ ẹ lọ wò ó: ó kún orí àtẹ, owó rẹ̀ ló kàn ga. Inú igbó ni wọ́n ń kó o gbà, aṣọ́bodè sì ń lé wọn wọ ìlú tìbọntìbọn. Ní Yewa, àwọn èèyàn ti sin ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ tí ọta ìbọn bà nínú irú eré bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ìwé ìròyìn yìí ti ń sọ ni a tún ń sọ. Láti ọdún 1979 ni Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, pé ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú àjọ náà lè wọlé fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Àbújá níbí ni olú ilé-iṣẹ́ àjọ ọ̀hún wà. Síbẹ̀, ẹni tó bá mú ìwé rẹ̀ pé, tó ti kọjá lọ́dọ̀ imigiréṣọ̀n ní Ìdí-Ìrókò, yóò tún bá ọlọ́pàá, aṣọ́bodè, àwọn tó ní àwọn ń yẹ oúnjẹ wò, àti àwọn tí kò wọ aṣọ iṣẹ́ kankan, lójú ọ̀nà Òwódé. Okùn lójú ọ̀nà, igi tí wọ́n kan ìṣó mọ́, ọwọ́ tó nà wọlé láti ojú fèrèsé ọkọ̀. Ó ti sú wa láti máa kọ ọ́! Bí ibodè bá ṣí, tí àwọn wọ̀nyí wà níbẹ̀, kí ló ṣí gan-an?

Ẹ̀yin aṣáájú ìjọ pẹ̀lú, ohùn yín kò tó lórí ọ̀rọ̀ yìí. A gbọ́ àdúrà fún ìjọba lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Jeremáyà orí 22 kò ní kí a gbàdúrà nìkan. Ó ní kí a sọ fún ọba kó má fi ìyà jẹ àlejò àti opó.

Kí ìjọba kọ ìwé tó fagi lé àṣẹ epo kìlómítà 20 yẹn, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde kí gbogbo ilé epo rí i. Kí ọ̀gá àgbà aṣọ́bodè àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní iléeṣẹ́ ọlọ́pàá àti imigiréṣọ̀n, kéde iye ibi ìdádúró tí òfin mọ̀ láti Ìdí-Ìrókò dé Òwódé, kí wọ́n dárúkọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, kí wọ́n sì kó ìyókù kúrò lọ́nà.